Omíyalé Wo Lẹ Ń Sọ?

Bí ẹ bá ń gbé Ìpọ̀nrí bíi tèmi, tó sì jẹ́ ìsàlẹ̀ ilé lẹ wà, ẹ ó mọ̀ pé òjò kì í bá wa lójijì. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú láti apá Ìjọ́ra, tí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rá piọ́wọ́tà kiri, màmá mi á ti máa ká kápẹ́ẹ̀tì. Dádì mi á gbé jẹnẹrétọ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Èmi á kó ìwé mi kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó ń rán ẹnì kan létí. Ìyá àgbà nìkan, ìyá tó bí dádì mi, ni kì í bá wa kó nǹkan kan. Wọ́n á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí òjò á fi dá.

Àwọn ará òkè máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ojú wíńdò wọn: "Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù!" Àwa náà á rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọmọ Èkó ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì ń lò ó fún ohun gbogbo, láti orí òjò títí dé orí èsì ìdánwò tí kò dáa. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi léèrè pé omíyalé wo gan-an là ń sọ.

Kíláàsì kan ní Àkókà ló fà á. Olùkọ́ wa ń kọ́ wa nípa àwọn ìjì líle inú òkun Àtìláńtíìkì, èyí tí òyìnbó ń pè ní hurricane. Wọ́n gbé àtẹ orúkọ kan sójú ògiri, wọ́n ní ká wò ó dáadáa. Katrina wà níbẹ̀ lọ́dún 1981. Katrina wà níbẹ̀ lọ́dún 1999. Katrina tún wà níbẹ̀ lọ́dún 2005. A rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní rárá o, ìjì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Àjọ WMO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní ìwé orúkọ mẹ́fà fún òkun náà. Orúkọ 21 ló wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó bíi a-bí-dí, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Láti ọdún 1953, orúkọ obìnrin nìkan ni wọ́n fi ń pe ìjì níbẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n tó fi ti ọkùnrin kún un. Ìwé kan ni wọ́n ń lò lọ́dún kan. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti yí po, wọ́n á padà sí èyí àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìjì fi máa ń padà wá. Tí ìjì ọdún kan ò bá sì pọ̀ tó láti dé orí lẹ́tà K, Katrina á jókòó jẹ́ẹ́, á dúró de ọdún mẹ́fà mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún 1987 àti 1993 nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ní, "Àbíkú mà ni wọ́n!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ wa náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní ká fetí sílẹ̀. Katrina ti 1981 gba orí Kúbà kọjá. Ti 1999 kò lágbára rárá, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó rántí rẹ̀. Ti 2005 ló ya odi tó ń dá omi dúró ní ìlú New Orleans, tó sì pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, àjọ WMO jókòó, wọ́n ní ìjì kankan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ Katrina mọ́. Wọ́n fi Katia rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Mitch, tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Họ̀ńdúràsì àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká lọ́dún 1998. Matthew ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2016, Matthew fúnra rẹ̀ ya wọ Haiti, ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ni wọ́n bá mú òun náà kúrò, wọ́n fi Martin síbẹ̀.

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbíkú tí ọ̀rẹ́ mi sọ ò kúrò lọ́kàn mi. Tí ọmọ bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa, ńṣe là ń fi orúkọ bẹ̀ ẹ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́. Tí bàbá bá lọ, tí ọmọkùnrin sì tẹ̀lé e, Babátúndé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tiwa ni pé kó padà wá, kó sì dúró. Àwọn WMO ń fi ti wọn lé e sẹ́yìn: ìwọ tó o pa wá, a ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà tó wọ̀ mí lára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń gbéra. Lákòókò òjò, atẹ́gùn máa ń rú bí ìgbì láti ìlà oòrùn Áfíríkà, á kọjá lórí ilẹ̀ wa pẹ̀lú àrá àti òjò, á sì jáde sínú òkun ní apá Sẹ̀nẹ̀gà. Tó bá bá omi gbígbóná pàdé lójú òkun, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á máa le sí i. Ìgbà tí atẹ́gùn rẹ̀ bá tó sáré kìlómítà 63 ní wákàtí kan ni wọ́n tó ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo Fred. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, kò tíì jìnnà sílé tó fi kọlu erékùṣù Cape Verde, ibi tí irú ìjì líle bẹ́ẹ̀ ò dé láti ọdún 1892. Fred mìíràn dé Florida lọ́dún 2021. Wọn ò yọ orúkọ rẹ̀, nítorí náà ó wà nínú ìwé ọdún 2027. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú atẹ́gùn yìí bá ń kọjá lórí òrùlé tiwa, kò lórúkọ. Ó di ìgbà tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa kó tó ṣe ìkómọjáde.

Mo ń rò ó nínú dáńfó láti Yábàá títí mo fi délé. NiMet máa ń sọ fún wa lọ́dọọdún bí òjò á ṣe rọ̀, ṣùgbọ́n a kì í sọ òjò lórúkọ. Orúkọ kan ṣoṣo la ní, omíyalé, a sì fi ń pe gbogbo wọn: èyí tó rin kápẹ́ẹ̀tì àti èyí tó gbé ilé lọ.

Èyí tí mo mọ̀ jù ni ti ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Keje ọdún 2011. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ọdún yẹn gan-an ni Ìyá àgbà kó wá láti Ìbàdàn sọ́dọ̀ wa. Òjò tó rọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ náà, àwọn tó wọ̀n ọ́n ní ó lé ní mìlímítà 230, ó sì pa èèyàn kiri ìlú. Lọ́dọ̀ wa, ẹnu ọ̀nà kọ́ ni omi kọ́kọ́ gbà wọlé. Ihò omi inú balùwẹ̀ ló gbà, ó dúdú, ó ń rùn. Kó tó di pé màmá mi rí tọ́wẹ́ẹ̀lì dí i, ti ẹnu ọ̀nà náà ti dé. Wọ́n ti mú iná lọ. Fíríìjì wa léfòó, ó rọra fì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ọkọ̀ ojú omi, èmi sì ń rẹ́rìn-ín torí n kò rí irú ẹ̀ rí.

Ni Ìyá àgbà bá gbá mi mú lápá. Ó dùn mí. Wọ́n gbé mi ka orí tábìlì, wọn ò sì fi apá náà sílẹ̀, wọ́n ń kígbe pé, "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi lè gbàgbé igbe yẹn. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Ìyá tó bí màmá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Gbogbo ìdílé màmá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ni kì í pè é. "Ìyá mi" ni wọ́n máa ń pè mí, tàbí "ọmọ yìí." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá àgbà tí kì í ki ọmọ ọmọ rẹ̀ lóríkì ṣọ̀wọ́n. Èmi ti parí ẹ̀ nínú ara mi pé wọn ò fẹ́ràn mi tó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n dádì mi. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ omíyalé yẹn, bí gbogbo ilé ṣe ń sunkún ẹrù tó bàjẹ́, inú èmi ń dùn. Wọ́n ti pè mí. Ọjọ́ kejì, mo retí kí wọ́n tún pè mí. Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kíláàsì tí mò ń sọ yìí, òjò tún ṣú, a ti kó ẹrù sókè, a jókòó sínú òkùnkùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ wa.

Ìyá àgbà ní, "Orúkọ èèyàn ni wọ́n fi ń pe ìjì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀hún wá ń kọ́? Wọn ò bínú?"

A rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣàlàyé pé tí ìjì kan bá pààyàn púpọ̀, wọ́n á ti orúkọ náà pa, ìjì mìíràn ò ní jẹ́ ẹ mọ́ láéláé. Ìyá àgbà dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Wọ́n ṣe dáadáa." Dádì mi wò mí, wọ́n dìde, wọ́n lọ sí kíṣìnì. Mo tẹ̀lé wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni dádì mi lọ́dún 1980, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé nígbà náà, nítòsí odò Ògùnpa. Ọjọ́ Àìkú ni 31 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Òjò ọ̀hún kọ̀, kò dá, odò sì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó gba àárín ilé. Ìyá àgbà pọn ọmọ kan, wọ́n fi ọwọ́ kan di dádì mi mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì di àbúrò rẹ̀ obìnrin mú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó ga, ọwọ́ kan ló ṣófo. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú ní Ìbàdàn nínú omi Ògùnpa yẹn. Wọ́n rí òkú àwọn kan. Wọn ò rí tirẹ̀. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan, torí omi náà ló kó àpótí tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe oríkì yẹn nínú ilé wọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìyá màmá mi ò mọ ohun tó wà nínú ilé tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ sí. Dádì mi ní nígbà tí àwọn gbọ́ "Àbẹ̀kẹ́" lójú àgbo lọ́jọ́ ìkómọ mi, àwọn wo ojú ìyá àwọn, àwọn ò lè la ẹnu. Ìyá àgbà fi owó sínú omi fún mi, wọ́n súre, wọ́n sì jókòó.

Nítorí náà, lọ́dún 2011, èmi kọ́ ni wọ́n ń pè.

Mi ò lè sọ fún yín pé kò dùn mí. Ó dùn mí fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ohun tí Ìyá àgbà ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí àjọ WMO ń ṣe: wọ́n ti orúkọ kan pa nítorí ikú. Ṣùgbọ́n mo lọ kà sí i, mo sì rí ìyàtọ̀ kan tó tóbi. Gbogbo ìjì tó bá gba orúkọ ní Àtìláńtíìkì, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìjì ní Amẹ́ríkà máa ń kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀: ibi tó ti ṣẹ̀, bó ṣe le tó, ibi tó bàjẹ́, iye ẹni tó pa. Ẹnikẹ́ni lè kà á. Orúkọ Katrina ni wọ́n tì pa, ìtàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nínú ilé tiwa, orúkọ ọmọ la tì pa, a sì ti ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn. Omi tó gbé e lọ ńkọ́? Omíyalé ṣì ni, orúkọ tí àwọn ará òkè fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́.

Ẹ wo ohun tí orúkọ kan ṣoṣo yìí ń fi pa mọ́. Ògùnpa ti ya lọ́dún 1963. Ó ya lọ́dún 1978. Ó ya lọ́dún 1980, ìyẹn tó burú jù. Nígbà tó di 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ọ̀sẹ̀ bíi méje lẹ́yìn tiwa ní Ìpọ̀nrí, àwọn odò Ìbàdàn tún ya, wọ́n wó afárá, ẹni tó kú tún lé ní ọgọ́rùn-ún. (Mo rántí pé Ìyá àgbà pa rédíò lọ́jọ́ náà. Mo rò pé bátìrì ni wọ́n ń ṣọ́.) Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 fún iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Tí ẹnì kan bá wá sọ pé "ọdún omíyalé Ìbàdàn", ẹ ní láti bi í pé èwo. Bẹ́ẹ̀, tá a bá fi ọjọ́ wọn ya wọ́n sọ́tọ̀, ohun kan á hàn sí wa: 31 oṣù Kẹjọ, 26 oṣù Kẹjọ. Ìparí oṣù Kẹjọ ni méjèèjì, àkókò tí gbogbo wa gbà pé òjò ń sinmi, tá à ń sá aṣọ tá à ń gbàgbé gọ́tà. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ méjèèjì ò ní fọkàn balẹ̀ jù lóṣù Kẹjọ. Ẹni tó mọ̀ pé "omíyalé ni" á máa fọkàn balẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé ká máa pe àgbàrá ní Kúnlé tàbí Bísí o. Àwọn Kúnlé ò ní gbà. Àwọn bàbá wa mọ bí a ṣe ń sọ ọdún lórúkọ. Wọ́n á ní wọ́n bí lágbájá lọ́dún Wẹ́tíẹ̀, wọ́n bí tẹ̀mẹ̀dù nígbà Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ àti àdúgbò ti tó. Eji ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa mọ eji tó pa wá yàtọ̀ sí èyí tó kàn rìn wá lára. Ẹ bi àwọn ará ilé yín. Ẹ bi wọ́n ní omíyalé wo, ọjọ́ wo, omi dé ibo, ta ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbì kan. Ìpọ̀nrí, Mushin, Ṣómólú, Ìbàdàn, ibi yòówù kó jẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìlà tí omi 2011 fà sára ògiri pálọ̀ ṣì máa ń hàn lẹ́yìn ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì. Lóṣù tó kọjá, mo mú máákà, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, mo sì wọn gíga ìlà náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ "Ìpọ̀nrí, 10 oṣù Keje 2011" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kọ àwọn kéékèèké tí mo rántí sí ìsàlẹ̀.

Ìyá àgbà ń wò mí láti orí àga wọn. Wọ́n béèrè ohun tí mò ń kọ, mo kà á fún wọn.

Wọ́n ní, "Kọ Ògùnpa náà síbẹ̀."

Mo ní, "Ìyá àgbà, ti Ìbàdàn nìyẹn. Ibi tí omi dé nínú ilé yìí ni mò ń kọ."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́. Òkè pátápátá ni kó o kọ ọ́ sí."

Mo gun àpótí, mo kọ "Ògùnpa, 31 oṣù Kẹjọ 1980" sí òkè ilẹ̀kùn. Mo dúró lórí àpótí náà, mi ò mọ̀ bóyá kí n béèrè. Mo béèrè.

"Ṣé kí n kọ orúkọ sí i, mà?"

Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú wọn, wọ́n wo wíńdò bí ẹni pé òjò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn.

"Kọ ọ́," wọ́n ní. "Àbẹ̀kẹ́ ni. Kọ àmì orí ẹ̀ dáadáa."